Owó Adé Tí Mo Fi Rán Agbádá

Ní ọdún 2024, àbúrò mi fi owó ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba pé kí n fi dé adé sí eyín mi. Mo gba owó náà, mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà fún un, mo sì fi rán agbádá. Kì í ṣe aṣọ tí mo rán ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ta ni kì í ra aṣọ? Irọ́ tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀ ni, àti ohun tí irọ́ náà gbà lọ́wọ́ mi.

Eyín ẹ̀yìn ni, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ọ̀kan nínú àwọn gbàǹgbà tí a fi ń lọ oúnjẹ. Ihò kékeré ló kọ́kọ́ wà lára rẹ̀. Mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo da ògógóró sẹ́nu mo pa ẹnu dé, mo tún ra oògùn tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ pé ó ń lé kòkòrò inú eyín jáde. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Àwọn bakitéríà tó ń gbé ẹnu gbogbo wa ló ń sọ ṣúgà inú oúnjẹ di ásíìdì, ásíìdì náà ló sì ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ funfun ìta eyín ló le jù nínú gbogbo ohun tó wà lára ènìyàn, ó le ju egungun lọ. Nígbà tí ihò náà fi dé inú lọ́hùn-ún, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, oorun kúrò lójú mi.

Mo gba ilé ìwòsàn eyín lọ. Wọn kò yọ eyín náà. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà tó tọ́jú mi, ọmọ tí mo lè bí. "Dádì" ló ń pè mí. Ó fún mi lábẹ́rẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi kú tipiri, ó lu eyín náà láti òkè, ó sì kó gbogbo ohun tó ti jẹrà nínú rẹ̀ jáde títí dé inú gbòǹgbò. Gbòǹgbò méjì ni irú eyín yìí sábà máa ń ní, ṣùgbọ́n ihò tóóró mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú méjèèjì. Ó fi irin tín-ín-rín ha wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi oògùn fọ̀ wọ́n, ó wá fi gutta-percha dí wọn. Oje igi kan tó ń hù ní ìhà Màlésíà ni wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní root canal nìyẹn. Síméǹtì ló fi dí ojú òkè.

Ìrora náà lọ pátápátá. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, nítorí kò sí èyí tó wọ̀ mí létí mọ́ nínú ohun tí dókítà ń sọ.

Ó ní: "Dádì, iṣẹ́ ò tíì parí o. Eyín yìí ti ṣófo nínú, ògiri ẹ̀ ti fẹ́lẹ́, òun náà lẹ sì fi ń jẹun jù. Tá a bá fi sílẹ̀ báyìí, ó máa là. Ẹ jẹ́ ká dé e ládé, kó dì í mú yíká, bí irin tí wọ́n fi ń de odó tó fẹ́ là." Ó ṣàlàyé pé àwọn máa fá eyín náà kúrò lókè àti yíká, nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì, pé màá gé nǹkan rírọ̀ kan jẹ kí àwọn lè rí bí ẹnu mi ṣe rí, pé àwọn máa wo àwọ̀ eyín tó kù kí adé náà má baà dá yàtọ̀, àwọn tó ń ṣe é á wá ṣe é, èmi á sì padà wá kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó dárúkọ oríṣiríṣi: irin tí wọ́n fi tánganran bò, zirconia, wúrà. Ní ti síméǹtì orí rẹ̀ yẹn, ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni àwọn fún un.

Wúrà nìkan ni etí mi mú. Ní àdúgbò tí mo dàgbà sí, bí ìyá kan bá ti Mẹ́kà dé, kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti di Àlàájà, eyín wúrà rẹ̀ ti bá a sọ ọ́. A mọ̀ ọ́n sí fáàrí, fáàrí ní tòótọ́ sì ni. Torí náà, bí dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀, Àlàájà kan ládùúgbò wa ni mò ń rí, tó máa ń ya ẹnu rẹ́rìn-ín gbàgà, kódà níbi ìsìnkú. Mo wá ń bi ara mi pé ta ló fẹ́ wá wo ẹ̀yìn ẹnu tèmi? (Nígbà tí mo sọ èyí fún dókítà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wúrà wà lára ohun tó dára jù fún adé eyín ẹ̀yìn, pé kì í fọ́, kì í sì í ha eyín tó bá kojú rẹ̀. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Àlàájà. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, eyín tí ohunkóhun ò ṣe ni púpọ̀ nínú wọn fi í bò.)

Àbúrò mi ti dé tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú owó ìtọ́jú eyín ti ìjọba ní England, ìpele kẹta, èyí tó ga jù, ni adé bọ́ sí. £319.10 ni lọ́dún 2024, ì báà jẹ́ adé kan tàbí méjì nínú ìtọ́jú kan náà. Ìyẹn fún ẹni tó bá rí dókítà eyín tó ṣì ń gba aláìsàn ìjọba o, torí ó pẹ́ kí òun náà tó rí. Àpò ara mi ni tèmi yóò ti jáde, ìdí nìyẹn tó fi dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ ó pẹ́ o," ohun tó sọ nìyẹn nígbà tí owó náà wọlé.

Àsìkò yẹn náà ni ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ joyè. Aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn ni ẹgbẹ́ wa mú. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ṣé bùbá lásán ni n ó wọ̀ jókòó láàárín wọn? Eyín ò dùn mí, mò ń fi í fọ́ egungun. Mo ní màá dá owó náà padà lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, owó ilé-ìwé ọmọ bá a dé. Èyí tó tẹ̀ lé e, táyà ọkọ̀ bẹ́. Ìwúyè ti kọjá, agbádá ti wọ àpótí, kò sì tíì jáde níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Àbúrò mi béèrè. Mo ní wọ́n ti dé e. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ kí òun rí i. Mo dúró níwájú dígí, mo la ẹnu, mo ya eyín apá òsì, èyí tí kò lárùn kankan, mo sì fi ránṣẹ́ sí i. Ó dáhùn pé: "Háà, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mọṣẹ́ o! Ta ló máa mọ̀ pé kì í ṣe eyín yín?" Mo fi àtàǹpàkò sókè ránṣẹ́ padà. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló ń tì mí lójú jù.

Àṣé eyín tí wọ́n ti kó iṣan inú rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ké. Bí eyín tó yè bá fẹ́ là, omi tútù á ta á, oúnjẹ á gún un, olúwa rẹ̀ á sá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tèmi ń là lábẹ́ síméǹtì, gbogbo oúnjẹ tí mo bá jẹ ń ṣí i sí i, èmi sì ń yangàn pé ara mi le.

Àkàrà ló wà lẹ́nu mi nígbà tó là. Kì í ṣe egungun, kì í ṣe róbó. Mo gbọ́ ọ ní etí inú, kò dùn mí, mo kàn ń fi ahọ́n tì í, ó ń mì sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, erìgì wú. Dókítà wò ó, ó yà á ní àwòrán, ó yí i sí mi kí n rí i. Ìlà náà ti gba àárín eyín kọjá lọ sísàlẹ̀ erìgì, ó ti wọ àárín gbòǹgbò méjèèjì. Ó ní ká ní òkè nìkan ló ti fọ́ ni, àwọn ì bá ṣì tún un ṣe. "Kò sí ohun tá a máa dé adé sí mọ́, Dádì." Ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi padà wá. Mo ní owó ni kò sí. Irọ́ mìíràn nìyẹn, lójú ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ó yọ eyín náà.

Ìṣirò rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi àlàfo náà sílẹ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè máa fì sínú rẹ̀, tòkè á sì máa sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá fẹ́ implant, wọn á ri irin titanium mọ́ egungun àgbọ̀n, yóò sì tó oṣù mélòó kan kí egungun tó dì í mú, kí wọ́n tó wá gbé adé lé e lórí. Nígbà tí mo gbọ́ iye rẹ̀, ṣe ni mo ní kí ó tún un sọ. Èyí tó rọjú díẹ̀ ni bridge: wọn á fá eyín méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì àlàfo náà, eyín tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọn á dé àwọn méjèèjì ládé, wọn á so eyín àtọwọ́dá mọ́ wọn láàárín. Adé kan tí mo sá fún ti di mẹ́ta.

Mo pe àbúrò mi. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan fọ́tò apá òsì. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti gé. Ó wá bi mí pé èló ni wọ́n pe bridge náà. Mo sọ fún un.

Ó ní: "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n mi. Nọ́ńbà àkáǹtì ilé ìwòsàn náà ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe tiyín."

Mo fi ránṣẹ́.