Níbo Ló Ti Ń Ṣe É?

Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀ jù fún epo, kó kọ́kọ́ wà á yí Ìkòyí ká. Mi ò fi ṣeré. Ẹni tó ń sáré bọ̀ lórí Third Mainland á já sí Osborne, ibẹ̀ sì ni eré ti máa ń tán láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní Awólọ́wọ̀ Road títí dé Fálómò, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, táyà ò yí. Afárá Lekki-Ìkòyí tí wọ́n ṣí ní 2013 wà níbẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́, ó ga, ó sì máa ń béèrè agbára. Gbogbo ohun tí ọkọ̀ lè ṣe pé sójú ọ̀nà yìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí ohun tó ń sọ. À ń dúró de iná check engine.

Fún gíráàmù epo bẹntiróòlù kan, ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7. Bí epo bá dín, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá yọ́ gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná. Ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ti rí àrùn yìí rí: bí wọn ò bá fa ṣóòkù, kò ní ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá dá ṣóòkù padà, á kú. Ìdọ̀tí ló ti dí ihò epo inú kàbúrétọ̀. Ṣóòkù ló ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ kí ìwọ̀nba epo tó ń wọlé lè ká a. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ á máa ṣọ́wó epo ná fún wọn, pàápàá láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìdí ni pé bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kì í gbà. Kí iná tó tàn rárá, ó ti ń fi epo kún epo láìsọ fún ẹnikẹ́ni: 5 nínú 100, 10, 20. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí àfikún náà bá ń lọ sí 25 ló máa ń tó ké gbàjarè. Gbogbo ọjọ́ tí a fi ń sọ pé "ọkọ̀ mi ò ní nǹkan kan," òun ló ń bò wá láṣìírí.

Nígbà tí iná bá wá tàn, a ó gbé síkáánà dé. Láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti gbọ́dọ̀ ní ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa sì ti wá. Síkáánà á kọ P0171. Ọmọkùnrin tó gbé e dání á ní, "Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ ni o, ẹ jẹ́ ká lọ ra òmíràn lọ́jà Ládípò." Bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ara sàlẹ́ńsà ló mú ìròyìn wá, ohun tí P0171 sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ pọ̀ lọ. Kódà plọ́ọ̀gì kan tí kò tanná lè mú kó sọ bẹ́ẹ̀, torí ọ́síjìn tí kò jóná á kọjá sínú sàlẹ́ńsà. Ẹni tó bá sáré pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bàbá mẹkáníìkì kan wà ní Ọbaléndé tí kì í kọ́kọ́ béèrè síkáánà. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọmọ mi, níbo ló ti ń ṣe é? Tó bá dúró ni, àbí tó bá ń sá?" Mo ní Fálómò ni, nínú sún-kẹrẹ, tí mo bá ti bọ́ sórí afárá, kò sí nǹkan kan mọ́. Ó ní, "Ó ń fa atẹ́gùn." Tí ọkọ̀ bá dúró, tọ́rọ́tù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà, nítorí náà èyí tó bá gba ọ́ọ̀sì tó ya wọlé á hàn gbangba. Lórí eré, tọ́rọ́tù ti ṣí, afẹ́fẹ́ tòótọ́ ti pọ̀, ti ọ́ọ̀sì ò jọ ọ́ lójú mọ́. Ẹni tó fẹ́ràn nọ́ńbà á rí ohun kan náà lójú síkáánà: àfikún epo á tó 20 ní sílóò, ìyẹn tí ọkọ̀ bá dúró, á já sí 3 tàbí 4 bí wọ́n bá gbé e dé 2,500 rpm. Bàbá mú ike omi, ó ń fọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ sára àwọn ọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó dẹtí sílẹ̀. Bí omi ṣe kan ọ̀kan báyìí, ìró sílóò yí padà. Ooru ti jẹ rọ́bà náà, ó ti gan.

Bó bá jẹ́ pé orí afárá ló ti ń rẹ ọkọ̀, tí kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú sún-kẹrẹ, ẹ bi páǹpù, fílítà àti nọ́sù. Géèjì tó ń wọn agbára epo á sọ tòótọ́: ọ̀pọ̀ Toyota ń fẹ́ 44 sí 50 psi.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ò ṣẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo kéde pé methanol tó ju ìwọ̀n lọ ti wọ inú epo tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà. Antwerp ní Belgium ni wọ́n ti kó o wá. Ọ́síjìn ni ìdajì ìwúwo methanol, gíráàmù rẹ̀ kan kò sì fẹ́ ju nǹkan bíi gíráàmù afẹ́fẹ́ 6.5 lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ọ̀sì rẹ̀ pé, tí páǹpù rẹ̀ dá ṣáká, á ṣì máa ké pé afẹ́fẹ́ pọ̀, torí epo gan-an ló gbé ọ́síjìn bọ̀. Kò sí sẹ́ńsọ̀ Ládípò tó lè wo ìyẹn. Ibi tó tún ti ń ta kókó ni pé bíréènì bọ́ọ̀sì á ti kọ́ bí a ṣe ń fi epo kún un, kì í sì gbàgbé lójijì. Bí epo gidi bá padà wọ táńkì, á ṣì máa bù ú bíi ti tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ̀ á máa rùn bẹntiróòlù, síkáánà kan náà sì lè wá kọ P0172, pé epo ti pọ̀ jù.