Ọ̀bẹ Àpò Ọmọ Ogun

Àwọn baba wa a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti wúwo tó títí di ọdún 2019. Ní ọdún náà ni àbíkẹ́yìn mi parí ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ní Zaria, tí wọ́n sì sọ fún un pé ìhà Borno ni yóò lọ. Ó wá kí wa ní Kàdúná, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà, ó sì ń sunkún. Ní tèmi, n kò mọ ohun tí baba lè ṣe. Ìbọn kì í ṣe ohun tí baba ń rà fún ọmọ. Ìjọba ni ó ni ín. Mo wá pinnu láti ra ọ̀bẹ fún un, irú èyí tí a ń ká sínú èèkù rẹ̀, tí a sì ń fi sí àpò.

Èrò yìí kò ṣàdédé wá. Baba mi wà nínú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Dífíṣọ̀n méjì ni wọ́n, 81 àti 82. Inú 82 ni baba mi wà. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tí ó nílàárí nínú igbó Arakan. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Inú agolo ni púpọ̀ nínú oúnjẹ náà wà. Nítorí náà, ọ̀bẹ tí wọ́n fún baba mi ní ohun mẹ́ta lára: ojú ọ̀bẹ kan, irin tí a fi ń ṣí agolo, àti irin ṣóńṣó tí a fi ń tú kókó okùn. Òrùka irin wà ní ìdí rẹ̀ tí a lè ki okùn bọ̀, kí ọ̀bẹ má baà sọnù. Baba mi a máa sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà títí dé òpin rẹ̀, okùn, ọparun àti agolo ni òun fi ọ̀bẹ náà gé. Òun kò fi í kan ènìyàn rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ náà ní àléébù kan. Bí a bá ṣí i, sípíríǹgì nìkan ni ó ń dì í mú. Kò sí ohun tí ó tì í pa. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo jí i lò. Mo fi ṣóńṣó ojú rẹ̀ gún igi, mo sì fi agbára tì í, ni ó bá ká padà mọ́ mi lọ́wọ́. Títí di òní ni àpá rẹ̀ wà ní ìka tí mo fi ń di ṣọ́ọ̀kì mú.

Èmi àti ọmọ mi lọ sí ọjà ńlá Kàdúná, èyí tí à ń pè ní Ọjà Sheikh Gumi. Kíá ni ojú rẹ̀ lọ sí ọ̀bẹ ńlá kan, dúdú bí ẹyín ìṣáná, tí ó ní eyín bí ayùn.

Ó ní, “Bàbá, èyí gan-an ni ti jagunjagun.”

Bàbá Hausa tí ó ń tà á, tí ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Málàm, ọ̀bẹ sinimá ni ọmọ yín ń wò.”

Mo jókòó ti àtẹ náà, mo sì yẹ àwọn ọ̀bẹ wò bí ẹni ń yẹ ìwé ìdánwò wò. Ohun tí ń tì í pa ni mo kọ́kọ́ wò. Nínú àwọn kan, irin pẹlẹbẹ inú èèkù ni ó ń bọ́ sẹ́yìn ojú ọ̀bẹ láti tì í. Nínú òmíràn, ẹ̀yìn èèkù ni ìdè náà wà. Ọ̀bẹ Opinel ti ilẹ̀ Faransé ti ń lo òrùka irin tí a ń yí láti ọdún 1955. Àwọn ará Switzerland, tí wọ́n ti ń fún ọmọ ogun wọn ní ọ̀bẹ kíká láti ọdún 1891, ṣe tuntun ní ọdún 2008 tí a lè fi ọwọ́ kan ṣí, tí ó sì ń ti ara rẹ̀ pa. Mo ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yọ ìka mi kúrò lọ́nà, mo sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan pákó jẹ́jẹ́. Ọ̀bẹ ńlá ọmọ mi ká padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ fà ro.

Lẹ́yìn èyí, mo wo ẹnu ọ̀bẹ. Eléyín a máa gé okùn dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá kú, òkúta lásán kò lè pọ́n ọn. Ẹlẹ́nu dídán ni a lè pọ́n níbikíbi tí òkúta pẹlẹbẹ bá wà. Mo wo irin rẹ̀ pẹ̀lú. Irin tí ń dípẹtà rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n òógùn ara ọmọ ogun kò ní jẹ́ kí ó sinmi. Mo yan irin tí kì í tètè dípẹtà, mo sì yan èèkù tí ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, kí iyanrìn Borno lè rí ọ̀nà jáde nígbà tí a bá da omi sí i. Ojú rẹ̀ kò gùn ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, nítorí ọ̀bẹ tí ó tóbi, inú ẹrù ni a ń fi í sí, ọ̀bẹ inú ẹrù kì í sì í gba ènìyàn ní wàhálà òjijì. Ihò okùn wà ní ìdí rẹ̀.

Inú ọmọ mi kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dúpẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ́ ọ bí a ti ń pọ́n ọn. Mo rán an létí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Mo sì kìlọ̀ ohun méjì fún un: bí yóò bá fi fún ẹlòmíràn, kí ó kọ èèkù sí i, àti pé kí ó má ṣe fi já ìdérí ohunkóhun láéláé.

Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ó tó padà wá sinmi. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó yọ ọ̀bẹ náà sórí tábìlì. Ṣóńṣó rẹ̀ ti kán.

Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo fi já ìdérí àpótí.”

N kò tíì dáhùn tí ó fi tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní àdó olóró tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà bú lábẹ́ ọkọ̀ tí ó ṣáájú tiwọn. Itan ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń ṣẹ̀jẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan ṣí ọ̀bẹ, ó sì fi la ṣòkòtò títí tí ẹni tí ń tọ́jú wọn fi rí ibi tí yóò dè. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kò kú.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọ inú yàrá lọ. Èmi kò sọ̀rọ̀ nípa àpótí mọ́. Mo gbé òkúta ìpọ́nbẹ, àwa méjèèjì jáde sí ẹ̀yìnkùlé, a sì pọ́n ṣóńṣó tuntun sí ọ̀bẹ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó kúrú díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó mú.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwa pẹ̀lú a máa yan ohun tí àwọn ọmọ yóò mú dání lọ sí ibi tí a kò lè bá wọn dé. Kí a tó wo bí nǹkan náà ti ń dán tó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí yóò ṣe lọ́wọ́ wọn.