Laba-laba Kì í Ṣe Labalábá

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi wá pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá méjì wá ṣe ní Indonesia, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá yín lóhùn: èdè la wá kọ́. Ètò kan wà tó ń gba àjèjì láti wá kọ́ èdè Indonesia fún ọdún kan. A kọ̀wé béèrè, wọ́n gbà wá, wọ́n sì fi wá ránṣẹ́ sí ìlú Manado, ní ìhà àríwá erékùṣù Sulawesi. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tí kò rí òkun ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀ kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Ìkejì jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ láti Ayétòrò. Etí òkun ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n mú un lọ sí Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ òkun la fẹ́ sọ lónìí. Tí ẹ bá wọ mọ́tò ní Manado, tí ẹ gba ọ̀nà ìlà-oòrùn fún bíi wákàtí kan àti díẹ̀, ẹ ó dé Bitung, ìlú èbúté tí òórùn ẹja ti máa ń pàdé àlejò lọ́nà. Òkè ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú náà tí wọ́n ń pè ní Dua Saudara, ìyẹn ọmọ ìyá méjì. A ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀, nítorí orúkọ náà dà bí ẹni pé tiwa ni. Níwájú ìlú ni erékùṣù Lembeh wà, omi tóóró kan sì là á kúrò lára Sulawesi. Omi tóóró yìí ni àwọn amòòkùn láti gbogbo ayé ń náwó nára wá.

Kì í ṣe nítorí ẹwà o. Ẹ gbàgbé àwòrán omi tó mọ́ gaara tí wọ́n máa ń fi sí ara kàlẹ́ńdà. Iyanrìn ìsàlẹ̀ omi Lembeh dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí inú òkè tó ń yọ iná àti èéfín ló ti wá. Lórí rẹ̀ la ti bá táyà, ike omi, agolo, okùn ọkọ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Òòkùn ẹrẹ̀ ni à bá máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Bob Halstead, tó ń fi ọkọ̀ kó àwọn amòòkùn kiri ní Papua New Guinea, ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí tí wọ́n fi ń wá ni pé inú ìdọ̀tí yẹn ni àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ṣòroó rí níbòmíràn kún sí. Níbi tí kò sí igbó tí a lè sá wọ̀, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ láyé á kọ́ bí a ṣe ń dà bí nǹkan mìíràn. Ọ̀gà tilẹ̀ lè gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Bí a ṣe kọ́ òòkùn kò gùn. Oṣù mẹ́rin la fi tọ́jú nínú owó oúnjẹ wa, ilé iṣẹ́ kékeré kan sì gbà kí á san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ sé èémí láé, pé bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ kí á máa di imú kí á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí kó má baà dùn wá, àti pé mítà 18 ni òpin tiwa. Ọmọ Ìbàdàn sunkún ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí á kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó rọrùn.

Ẹni tó ń ṣamọ̀nà wa jẹ́ bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Om la ń pè é, torí bí àwọn ará Manado ṣe ń pe ọkùnrin àgbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó máa ń sọ jù ni "pelan-pelan", tó túmọ̀ sí jẹ́jẹ́. Inú wa dùn pé a bá àpètúnpè pàdé ní ìdí òkun, àfi bíi pé olùkọ́ wa tẹ̀lé wa wá.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ogójì ìṣẹ́jú la lò nísàlẹ̀, a kò sì rí nǹkan kan. Àní ọwọ́ wa ò tẹ kín-ún! Om á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan àgbá afẹ́fẹ́, kín-ín-kín-ín, a ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá a, á nawọ́ sí ilẹ̀, àwa náà á wo ilẹ̀. Iyanrìn. Á tún nawọ́. Iyanrìn ṣì ni. Àwọn àgbà ní àjòjì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran; a ti kọ òwe yẹn nínú ìdánwò rí, a sì gba máàkì sí i, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló tó yé wa.

Ọjọ́ kejì ni ojú wa là. Om nawọ́ sí nǹkan kan tí àwa méjèèjì mú fún kànìnkànìn tí wọ́n ti fi wẹ̀ gbó, tí wọ́n wá sọ sómi. Ó pọ́n ráúráú, òwú ara rẹ̀ ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀. A fẹ́ máa lọ. Kànìnkànìn náà bá yán! Ẹnu tó là tóbi tó ìdajì ara rẹ̀. Ikan kodok ni wọ́n ń pè é, ẹja ọ̀pọ̀lọ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ lúwẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn nílẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan yọ jáde níwájú orí rẹ̀, ohun tó wà ní ṣóńṣó ọ̀pá náà sì dà bí ekòló. Bó ṣe ń fi ekòló yẹn pe ẹja nìyẹn, bí apẹja tó jókòó sí bèbè odò. Ẹja tó bá sún mọ́ ọn, ojú èèyàn kò lè bá ìgbà tó gbé e mì. A dúró níwájú rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ àgbá wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà ni ojú wa ti ń ṣí. A rí edé tí kò ju èékánná lọ tó gun ẹ̀yìn kòkòrò òkun mìíràn bí ẹni gun ọ̀kadà. A rí ìgbín tí kò ní ìkarahun, tó ní àwọ̀ tí a kò rí lára aṣọ àríyá kankan rí. A rí akàn tó já koríko òkun lẹ́ ara. Ẹja òkun ńláńlá kọjá lẹ́bàá wa, a ò tilẹ̀ wò wọ́n mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ti laba-laba. Kí á tó wọ omi, Om máa ń kọ ohun tí a lè rí sára pátákó. Ní ọjọ́ kan ó kọ "laba-laba laut". Laut ni òkun, ìyẹn ti yé wa láti oṣù kìíní. Laba-laba ńkọ́? A wo ara wa, a rẹ́rìn-ín. Labalábá òkun! A ò bi í léèrè. Àwa tí a gba A nínú fonọ́lọ́jì! Ogún ìṣẹ́jú la fi ń wá ohun tó ní ìyẹ́. Om kan àgbá, ó nawọ́ sí ara nǹkan kan bí ewéko, a sì rí ohun kan bí òwú tó já, tó ta kókó, tó ní ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. A mi orí pé rárá. Ó tún nawọ́. A tún mi orí. Ìgbà tí a jáde lómi ló tó yé wa pé aláǹtakùn ni àwọn ń pè ní laba-laba. Labalábá tiwa, kupu-kupu ni lọ́dọ̀ wọn. Om rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ọkọ̀. Látìgbà náà, "kupu-kupu" ló ń pe àwa méjèèjì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ Ìbàdàn fẹ́ ya fọ́tò, ara rẹ̀ sì ń wúwo lọ sísàlẹ̀. Ó fẹ́ fi orúnkún tilẹ̀ díẹ̀. Om fò mọ́ ọn, ó fa àgbá ẹ̀yìn rẹ̀ sókè pẹ̀lú agbára. Inú bí i. Ó rò pé nítorí iyanrìn tí òun dà rú ni. Om wá rọra fi irin gbọ́n iyanrìn tó wà lábẹ́ orúnkún rẹ̀ kúrò. Ojú méjì ló ń wò wá. Ẹja olóró kan ni, tó máa ń sin ara rẹ̀ tó sì máa ń na ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. A ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè tó mú wa kọ èyí wáyé. A jókòó sórí afárá onígi, a ń mu tíì, Om ń wo fọ́tò inú kámẹ́rà wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń dárúkọ wọn, ó ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sùn. Lójijì ló bi wá pé, "Kí ni ẹ ń pe èyí lédè yín?"

Ẹ̀dá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni. Gurita ni wọ́n ń pè é, gurita náà la ó sì máa pè é níhìn-ín, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Èyí tí a yà lọ́jọ́ náà di èèpo àgbọn méjì mọ́ra. Ó ń gbé wọn kiri nínú iyanrìn, nígbà tó rí wa ó wọ inú ọ̀kan, ó sì fi ìkejì dérí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ nípa àṣà rẹ̀ yìí ní 2009, látara àwọn tí wọ́n ṣọ́ ní Bali àti ní ìhà àríwá Sulawesi níbí.

A wo ara wa. Ọmọ Ìbàdàn ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ." Om ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, iye ẹsẹ̀ ni. Ó ṣí fọ́tò mìíràn. Kuda laut, ẹṣin òkun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. A ní, "Ẹṣin òkun." Ó ní a kàn túmọ̀ ọ̀rọ̀ tiwọn ni, kí ni àwọn apẹja wa ń pè é? A dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọdún mẹ́ta gbáko la ti fi ka Yorùbá ní yunifásítì. A lè to ẹ̀yà awẹ́ gbólóhùn fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó sì dúró de ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, ẹnu wa wọhò. Ọmọ Ìlàjẹ ni ó dùn jù. Ẹrẹ̀ ni etíkun Màhín tiwọn, kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó; omi rẹ̀ rú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa náwó wá mòòkùn níbẹ̀. Ó wá rin ìrìn-àjò dé Sulawesi kó tó mọ̀ pé ẹrẹ̀ ní nǹkan nínú.

Om kò bú wa. Ó kàn sọ fún wa nípa ẹṣin òkun yẹn. Hippocampus pontohi ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ọ́ ní 2008. Pontoh yẹn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Hence Pontoh ni, ọmọ ìhà ibí yìí, tó ń ṣamọ̀nà àwọn amòòkùn ní Bunaken tó wà lẹ́bàá Manado. Òun ló kọ́kọ́ fi ẹṣin òkun náà han àwọn tó wá sọ ọ́ lórúkọ. Ojú rẹ̀ ló rí i, orúkọ rẹ̀ ló sì jẹ́. Ó dùn wá, ó sì wú wa lórí.

Wákàtí méje ni Sulawesi fi ṣáájú Nàìjíríà. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọmọ Ìlàjẹ pe ìyá rẹ̀ ní Ayétòrò, aago méjì ọ̀sán níbẹ̀. Fọ́tò mọ́kànlá la fi ránṣẹ́. Mọ́mì kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé nǹkan wọ̀nyí là ń jẹ níbẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó ní òun mọ méjì lójú, ìdọ̀tí àwọ̀n ni wọ́n, ohun tí àwọn máa ń ṣà dànù lára ẹja kí àwọn tó gbé e síná. "Orúkọ wọn ńkọ́, Mọ́mì?" Ó ní òun ò jẹ́ purọ́, bàbá kan wà tó máa ń tú àwọ̀n láti ìgbà èwe rẹ̀, òun a gbé fóònù lọ fún un.

Ọjọ́ kẹta ni ohùn bàbá náà dé, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀, pẹ̀lú ariwo omi lẹ́yìn rẹ̀. Nínú fọ́tò mọ́kànlá, ó ní òun kò rí mẹ́fà rí láyé òun. Ó dárúkọ mẹ́rin. Ó sọ èyí tí a fi ń ṣoògùn àti èyí tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nígbà tó kan ìkọkànlá, ó ní, "Ta ló dojú eléyìí dé? Orí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ yìí." A yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni. Ìrù la ti ń pè ní orí láti ọjọ́ yìí wá.

A kò ní kọ orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí báyìí. Èdè Ìlàjẹ ló fi pè wọ́n, ohùn orí fóònù kò sì já gaara. Méjì nínú wọn, a kò mọ̀ bóyá ohùn òkè ló parí wọn tàbí ohùn àárín. Ẹni tí laba-laba ti fojú rẹ̀ rí màbo kì í fi ohùn ṣeré. Oṣù méjì ló kù kí á padà wálé, Ayétòrò la sì ń kọ́kọ́ lọ kí á tó fẹsẹ̀ kan iléèwé. Ọ̀kan nínú yín tó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa.

1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó, ó sì ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ẹ́, ilé lẹ́yìn ilé. Mọ́mì ní kí á má pẹ́. Ilé tí bàbá náà wà tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ ni ìkẹta tó kọ́. Òkun ti gbé méjì àkọ́kọ́ lọ.