Ìlà Dúdú àti Ìmọ́lẹ̀ Kékeré

Kò sẹ́ni tó fojú rí SIRT1 nínú láàbù wa. Ìlà dúdú lórí fíìmù la máa ń rí, tàbí ìmọ́lẹ̀ kékeré nínú àwo oníhò 96. Iṣẹ́ purotéènì yìí ni kó máa yọ àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní acetyl kúrò lára àwọn purotéènì mìíràn, bíi p53 tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kó má baà di jẹjẹrẹ. Láìsí NAD+, kò lè ṣe é.

Tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà, western blot la máa ń ṣe. A ó fọ́ sẹ́ẹ̀lì lórí yìnyín, iná á fa àwọn purotéènì gba inú jẹ́ẹ̀lì kọjá, àwọn kéékèèké á sáré ṣíwájú, a ó wá fi antibody wá èyí tí à ń wá. Ibí yìí lọ́rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ tuntun lójú. Nínú ìṣirò, SIRT1 ti ènìyàn wọn nǹkan bíi kilodalton 82, àmọ́ ìtòsí 120 ló máa ń dúró sí. Ṣé antibody ń purọ́ ni? Rárá o, bó ṣe máa ń rìn nìyẹn. Ẹni tọ́kàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, kó fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ jíìnì SIRT1 kúrò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ìlà yẹn bá ṣì yọjú níbẹ̀, kó wá antibody mìíràn jàre.

Pé ó wà ò ní kó máa ṣiṣẹ́ o. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú Nature pé resveratrol, èròjà inú èèpo èso àjàrà, ń mú SIRT1 ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ègé purotéènì kékeré tí wọ́n so àwọ̀ tó ń tànmọ́lẹ̀ mọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ní 2005, àwọn mìíràn yọ àwọ̀ yẹn kúrò, ni agbára resveratrol bá pòórá. Síbẹ̀, ní 2008, GlaxoSmithKline ra Sirtris, ilé-iṣẹ́ tó ń wá irú oògùn bẹ́ẹ̀, ní mílíọ̀nù 720 dọ́là. Títí di òní làwọn ẹbí wa ń bi wá bóyá káwọn ra hóró resveratrol fún ọjọ́ ogbó. A máa ń ní kí wọ́n fowó wọn ra ẹ̀fọ́.

Ká má ṣègbè: ní 2013, ìwádìí mìíràn nínú Science fi hàn pé àwọn purotéènì kan wà nínú ara tí apá kan lára wọn lè ṣe bíi àwọ̀ yẹn. Ẹjọ́ náà ò tíì tán.

Ní tiwa, a kì í fi ìmọ́lẹ̀ nìkan dájọ́. A ó da EX-527, tó ń dí SIRT1 lọ́wọ́, sórí sẹ́ẹ̀lì tí a ti fi etoposide ba DNA rẹ̀ jẹ́, a ó sì wo acetyl tó wà lórí lysine 382 ti p53 fúnra rẹ̀. Tó bá pọ̀ sí i, SIRT1 ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.