Ọ̀wẹ̀ Ojú Ọ̀run

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ayé àwọn baba wa ní Ìbàràpá, bí iṣẹ́ oko bá ju agbára ẹnìkan lọ, a bẹ ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe àáró. Àáró ni ‘bá mi ro tèmi, kí n bá ọ ro tìrẹ’. Ọ̀wẹ̀ ni kí ènìyàn yọ̀ǹda agbára rẹ̀ láìretí pé a ó san án padà. Irú ọ̀wẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èmi, olùkọ́ ní Igbó-Ọrà, lọ ṣe ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni oko náà wà.

SETI@home ni orúkọ iṣẹ́ náà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999. Ẹ̀rọ ńlá kan ní Arecibo, ní erékùṣù Puerto Rico, tí ìbú àwo rẹ̀ jẹ́ mítà 305, ń gba ìró rédíò láti ojú ọ̀run, bóyá ẹ̀dá olóye kan ń pè níbẹ̀. Ìró náà pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni gé iṣu èèbù, wọ́n sì ń fi ègé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àwọn aráàlú, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí olóhun kò bá lò ó. Àwọn tí ó jẹ́ ọ̀wẹ̀ náà ju mílíọ̀nù 5 lọ.

Kọ̀ǹpútà àlòkù ni tèmi. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ibi tí ó kọ ìṣirò rẹ̀ sí gbẹ̀yìn ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀. Sùúrù ìyàwó mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan tí mo tan jẹnẹrétọ̀, ó ní: “Bàbá Ìbejì, ibà dá Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀, ẹ̀yin ń jó epo wá ará ọ̀run!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo pa jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá, mo rí ètò mìíràn, malariacontrol.net, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland fi ń ṣírò bí ibà ṣe ń tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà nígbà náà. Mo pín àkókò kọ̀ǹpútà mi sí méjì: ìdajì fún ibà, ìdajì fún ojú ọ̀run. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín: “Ẹ tún bí ìbejì nìyẹn.”

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020, SETI@home dẹ́kun fífi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ẹ̀rọ Arecibo wó lulẹ̀. Títí di òní, a kò tíì rí ìpè kan tí a lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa bi mí bí kò bá dùn mí. Mo a dá wọn lóhùn pé ẹni tí ó bá wá ilẹ̀ oko kan já tí kò rí nǹkan ti gba ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ làálàá ibẹ̀. Àti pé, ní ìlú tiwa yìí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, ó ṣòro fún mi láti gbà pé ayé nìkan ni a bí. Bóyá Táyé ni àwa. A ti wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé ni kò tíì dé.