ORÍKÌ LẸ́NU OLÈ

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Gbogbo wa la ti fi òwe yìí kọ àròkọ rí. Ohun tó ń kọ́ wa ni pé kí kálukú tọ́jú ògiri tirẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ògiri ẹlòmíràn ló lanu ńkọ́, tó sì jẹ́ pé inú ilé ẹni yẹn lẹrù tìẹ wà? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Gbogbo àwa tí à ń fi káàdì báǹkì ra aṣọ, bàtà àti ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé onílé lẹrù wa wà.

Jíbówú ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ Àǹtí mi tí wọ́n ń ta omi tútù, gálà àti búrẹ́dì fáwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Benin, Ọ̀nìṣà àti Àbújá. Lọ́dún tó kọjá, Àǹtí fi káàdì ra blẹ́ńdà ní ṣọ́ọ̀bù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Blẹ́ńdà dé, ó ń lọ ata, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù náà fi í-meèlì ránṣẹ́ pé olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn, kí àwọn oníbàárà lajú sílẹ̀. Ta ló ń ka í-meèlì nínú ariwo páàkì?

Ọjọ́ kejì, ìpè wọlé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Láti báǹkì yín ni." Ọkùnrin náà pe orúkọ Àǹtí, ó pe ti bàbá wọn mọ́ ọn. Ó dárúkọ blẹ́ńdà, ó sọ iye rẹ̀, ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lórí káàdì. Ó ní àwọn fẹ́ dáàbò bo káàdì náà ni, kí Àǹtí ṣáà ka nọ́ńbà mẹ́fà tó máa wọlé sórí fóònù. Owó ọjà wà nínú àkáǹtì yẹn. Owó iléèwé mi náà wà níbẹ̀. Nọ́ńbà wọlé. Àǹtí lanu láti kà á, àfi bí agbèrò ṣe bú sígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: "Benin! Benin! Ó ku ẹnì kan!" Àǹtí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ yín mọ́, ẹ jẹ́ n wá bá yín ní báǹkì." Kíá ló gé fóònù.

Ariwo Jíbówú ló yọ wá lọ́jọ́ náà. Mo bi Àǹtí léèrè ohun tó mú wọn fẹ́ kà á. Wọ́n ní, "Ó mọ̀ mí."

Àwa tí à ń kọ́ nípa oríkì ní kíláàsì, ẹ jẹ́ ká ronú sí gbólóhùn yẹn. Bí wọ́n bá ki èèyàn, orí rẹ̀ a wú. A máa ń rò pé ẹni tó mọ oríkì wa, ara ilé wa ni. Ẹ wá wo àwọn onílù tó ń yà sóde ìnáwó láìpè. Aládùúgbò ni wọ́n bi léèrè orúkọ rẹ. Kí o tó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, owó ti kúrò lápò. Ohun tí olè kó ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, oríkì Àǹtí ni. Owó ló fẹ́ fi oríkì gbà.

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kéékèèké nìkan nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Láti August 21 sí September 5, 2018, àwọn olè fi kóòdù pamọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù British Airways, ọkọ̀ òfuurufú tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ní London ń wọ̀ wálé. Bí èèyàn ṣe ń tẹ nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ láti sanwó, ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ olè. Ọ̀rọ̀ náà kan èèyàn tó lé ní 400,000. Ní 2020, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà ní Ìlú Ọba bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn lé iléeṣẹ́ náà. Kí wá làwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣe tí kò dáa? Ògiri onílé ló lanu.

Nítorí náà, ọjọ́ tí o bá gbọ́ pé olè wọ ṣọ́ọ̀bù tí o ti rajà, má dúró de alert. Ti káàdì náà pa, yálà lórí app báǹkì rẹ tàbí pẹ̀lú kóòdù tí ọ̀pọ̀ báǹkì ní fún un, kí o sì gba tuntun. Ẹyin ni nọ́ńbà káàdì. Bó bá ti bọ́, kò ṣe é kó mọ́. Bó bá jẹ́ password kan náà lo fi ń ṣí í-meèlì rẹ, yí i pa dà. Ya àkáǹtì kékeré kan sọ́tọ̀ fún ọjà, kí o máa bu owó sí i nígbà tó o bá fẹ́ rà nǹkan, kí owó iléèwé wà níbòmíràn. Má gbára lé OTP nìkan, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan lókè òkun ń gba owó láìbéèrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì pè ọ́ pé kí o ka OTP, gé fóònù, kí ìwọ fúnra rẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ.

Ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ̀ bí ògiri bá lanu. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ní kí iléeṣẹ́ sọ fún àjọ NDPC láàárín wákàtí 72 bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá lè fi èèyàn sínú ewu, kí wọ́n sì tètè sọ fún oníbàárà fúnra rẹ̀ bí ewu náà bá pọ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò ní bá ẹ gbé fóònù.

Bí ẹnìkan bá kì ọ́ lórí fóònù, jẹ́ kí orí rẹ wú. Kó wú dáadáa. Ẹnu rẹ ni kí o pa dé.