Sítíkà Ara Gíláàsì

Sítíkà kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì kan nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ akérò kan n'Íbàdàn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí èèyàn kì í sábà lẹ sítíkà mọ́. Àdúrà ni wọ́n kọ sí i. Mo rí òmíràn lára bọ́ọ̀sì kejì, tọ̀hún wà láàárín gangan. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, mo dúró. Igun sítíkà náà kan ti ṣí, mo sì rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀: ojú ibi tí òkúta ti ta ba gíláàsì, tó ti na ẹsẹ̀ káàkiri bí aláǹtakùn.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ gíláàsì ọkọ̀ ló ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń pààrọ̀ rẹ̀ o. Ojú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sán ló ń dí, kó má baà fà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá Ìwó Road kò gbà ju ọkọ̀ méjì lọ. Oníbàárà tó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo lè wá lónìí, kó má tún padà wá fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ní ọgbọ̀n bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kò sí ọ̀sẹ̀ tí òkúta ò ní ba ọ̀kan nínú wọn. Irú wọn ló ń wá. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí wọn. Mo kọ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò fèsì, la bá fi ẹsẹ̀ ara wa lọ.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀ wọn gbà wá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó fún wa lómi tútù. Ó ní, "Mi ò fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò. Gíláàsì ọkọ̀ wa ò sán. Àràárọ̀ làwọn awakọ̀ ń kọ ohun tó bá bàjẹ́ síwèé, ẹ wò ó." Ó ṣí ìwé náà síwájú wa. Bíréèkì wà níbẹ̀, táyà wà níbẹ̀, iná ẹ̀yìn wà níbẹ̀. Kò sí gíláàsì. Ọkùnrin náà kò purọ́ fún wa. Ohun tí ìwé sọ fún un lòun náà sọ. Ìgbà tí à ń jáde lọ ni mo wá rí àwọn sítíkà yẹn. Mẹ́rin ni, lára bọ́ọ̀sì mọ́kànlá tó wà nílẹ̀.

Ojú tó sán tí kò ju owó ẹyọ lọ lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Méjì ni, ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò nípọn tó mìlímítà kan ló wà láàárín wọn tó so wọ́n pọ̀. Bí òkúta bá ta bà á láti ẹ̀yìn típà, ti òde nìkan ló sábà máa ń sán, afẹ́fẹ́ á sì wọ ojú náà. Àbúrò mi á gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé e, á fa afẹ́fẹ́ náà jáde, á ti oje kan tó mọ́ gaara bí omi wọ ibẹ̀, á tan iná UV sí i títí oje náà á fi gan. Gbogbo rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Àmọ́ ó ní àsìkò. Bí eruku ọyẹ́ bá ti wọ ibẹ̀, tí omi tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e, oje ò ní mú dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ń jó gíláàsì lóde, tí AC ń fẹ́ ẹ nínú, tí ọkọ̀ wá já sí kòtò, ojú kékeré yẹn lè fà láti igun dé igun. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ odidi.

Gbogbo èyí wà nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn: owó tí wọ́n ń ná láti pààrọ̀ gíláàsì kan, àbúrò mi á fi dí ojú mẹ́wàá, á tún ṣẹ́ kù. Mo rò pé owó ni ọ̀rọ̀ náà.

Sítíkà yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Lọ́jọ́ kẹta mo padà lọ, èmi nìkan. Mo bá awakọ̀ àgbàlagbà kan nínú bùkà tó kọjú sí ọgbà náà, ó ń jẹ àmàlà. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Ọmọ mi, wá bá mi jẹun." Mo ní á gba ibi ire. Ìgbà tó fọwọ́ tán, mo béèrè ọ̀rọ̀ sítíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu géètì ná.

"Ẹni tó bá kọ ọ́ síwèé ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀," ló wí. "Òkúta ò lórúkọ. Èmi ni mo lórúkọ. Bí mo bá lẹ nǹkan mọ́ ọn, bóyá á lè dúró dìgbà tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀sì náà fún ẹlòmíì."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ilé ìyá àgbà mi ní Ọ̀yọ́ padà sí mi lọ́kàn. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Iṣẹ́ mi ni láti máa nu gíláàsì àtùpà nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbà ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fọ́ ọ, owó aṣọ ọdún rẹ̀ lòun máa fi ra òmíràn. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó kan ẹsẹ̀ àpótí. Kò fọ́. Ìlà kan ló fà sí i lára, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Mo dá a padà sórí àtùpà, mo kọ ojú ìlà náà sí ògiri. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣọ́ àtùpà yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e, èmi á ti sáré gbé e fún un. Ìyá àgbà yìn mí, ó ní mo ti ń dàgbà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ti sùn lọ, ó yí iná náà sókè kó lè ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Gíláàsì náà bẹ́ gbàù. Àfọ́kù rẹ̀ tó gbóná bà á lọ́rùn ọwọ́, àpá ibẹ̀ ò kúrò títí wọ́n fi sin ín.

Kò nà mí. Ó kàn bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún òun. Mi ò rí èsì fọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó rí i, níwájú àwo àmàlà ẹni ẹlẹ́ni: Ìyá, ẹ ti sọ iye tó máa ná mi bí mo bá sọ. Ẹ ò sọ iye tó máa ná yín bí mi ò bá sọ.

Láti ìgbà yẹn, gíláàsì fúnra rẹ̀ ni mò ń rò. Ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló ṣe irú èyí tó so pọ̀ yìí. Ní 1903, ìgò kan já bọ́ nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó sán ṣùgbọ́n kò túká, torí oje tó ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ di àfọ́kù rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bí gíláàsì ọkọ̀ ṣe ń gé àwọn èèyàn nínú jàǹbá, ló bá rántí ìgò náà. Ní 1909 ó kọ̀wé béèrè ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: bó bá fọ́, á dà sílẹ̀ wẹ́wẹ́, kò sí sítíkà tó lè bò ó, ọjọ́ náà ni ọ̀gá á gbọ́. Ti iwájú ló lè sán kó ṣì máa bá ọkọ̀ lọ bọ̀ Èkó fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ṣe é kó má baà túká gé èèyàn, ìyẹn ló jẹ́ kó lè dúró díẹ̀ kí èèyàn tó rójú tún un ṣe. Àwa la sọ ìdúró yẹn di ibi ìfarapamọ́.

Inú àbúrò mi dùn nígbà tí mo ròyìn fún un. Ó ní, "Àǹtí mi, ọ̀nà ti là nìyẹn! Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá yẹn pé mẹ́rin ti sán nínú mọ́kànlá, a fojú ara wa rí i." Òótọ́ ni. Mo sì gbà pé ọkùnrin náà ì bá pè wá lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ṣí àwọn sítíkà yẹn, owó oṣù èèyàn mẹ́rin á sì lọ sí i, títí kan ti ẹni tó pè mí wá jẹun. Mo kọ̀. Ọjọ́ méjì la fi jiyàn. Ó ní ṣé àánú lòun máa fi san owó ṣọ́ọ̀bù ni. Mi ò rí èsì gidi fún un, mi ò sì dá a lẹ́bi pé ó bínú.

Lẹ́tà kẹrin, ilé búrẹ́dì kan tó ní ọkọ̀ méje ni mo kọ ọ́ sí. Owó kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo tọrọ ni pé fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n má yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ kankan nítorí gíláàsì. Àbúrò mi á máa wá láràárọ̀ Mọ́ńdè kí wọ́n tó kó búrẹ́dì jáde, á yẹ ọkọ̀ wò fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti ọjọ́ ni yóò kọ síwèé, kò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì níṣojú mi. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kí n má mọ ẹni tó wa ọkọ̀ náà?"

Mo ní, "Mà, kẹ́ ẹ lè mọ gíláàsì tó sán ni."

Ó fún wa ní oṣù mẹ́ta náà. Àwọn akérò yẹn ò tíì pè wá títí di òní.

Mọ́ńdè àkọ́kọ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi débẹ̀. Àwọn awakọ̀ méje ká ọwọ́ gbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Àbúrò mi yẹ mẹ́ta wò, kò rí nǹkan kan. Lára ìkẹrin, sítíkà wà nínú ní igun òsì. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó na ojú ewé náà sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún kó lè rí ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ọmọ náà kà á pẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó fi èékánná họ sítíkà náà kúrò díẹ̀díẹ̀.

"Ó ti tó oṣù méjì," ló wí.

Eruku ti wọ ibẹ̀. Àbúrò mi sọ fún un pé òun máa dí i kó má fà mọ́, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ò ní lè lọ tán. Ó tẹ àkísà sílẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde.